Bí Ẹ Ṣe Máa Ya Fọ́tò Ìràwọ̀ Onírù Tó Ń Kọjá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nẹ́búlà

"Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe yà á? Èé ṣe tí tèmi fi dà bí òwú tí wọ́n fà ya?" Ìbéèrè yìí kò tíì dáwọ́ dúró láti oṣù October 2025, nígbà tí ìràwọ̀ onírù SWAN, èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní C/2025 R2, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́búlà M16. Mo ti ń dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ síbi kan.

Ẹ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn. Ìràwọ̀ onírù, tí àwọn kan ń pè ní kọ́mẹ́ẹ̀tì, ń rìn. Nẹ́búlà, ìyẹn ìkùukùu gáàsì àti eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀, kò kúrò lójú kan. Alẹ́ kan tàbí méjì péré ni àwọn méjèèjì fi máa ń jọ wà nínú fọ́tò kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìràwọ̀ onírù ti bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nẹ́búlà á wà níbẹ̀ lọ́la, á sì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, nígbàkígbà tí nǹkan bá há, tí bátìrì ń lọ sílẹ̀ tàbí tí àwọsánmà ń ṣú bọ̀, ìràwọ̀ onírù ni kí ẹ yà. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí dúró lé.

## Kí ẹ tó kúrò nílé

1. Ẹ wá alẹ́ rẹ̀. Ẹ gba Stellarium, ètò tó ń fi ojú ọ̀run hàn, sórí kọ̀ǹpútà yín, ọ̀fẹ́ ni. Ó lè gba ìṣirò ọ̀nà àwọn ìràwọ̀ onírù láti Minor Planet Center, ilé iṣẹ́ tó ń kó ìṣirò wọn jọ. Ẹ tún ìṣirò yẹn gbà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ jáde gan-an. Ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kì í ní ọ̀nà tó dúró sójú kan nínú ìwé. Bí wọ́n ṣe ń wò ó sí i ni wọ́n ń tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Oṣù September ni wọ́n rí SWAN, nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọjọ́ 17 oṣù October ó ti dé ẹ̀gbẹ́ M16. Ẹni tó ń lo ìṣirò ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè kọjú lẹ́ǹsì sí ibi tí kò sí.

2. Ẹ wo bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Àwọn tó ń wò ó káàkiri ayé máa ń kọ ohun tí wọ́n rí sórí COBS, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Magnitude ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ náà, nọ́ńbà tó bá kéré ló mọ́lẹ̀ jù. SWAN wà ní nǹkan bí 6 lásìkò yẹn. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín o: ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ onírù fọ́n káàkiri orí rẹ̀ ni, kò ṣù jọ bíi ti ìràwọ̀ gidi, torí náà ó máa ń ṣókùnkùn ju bí nọ́ńbà ṣe sọ lọ.

3. Ẹ wo òṣùpá. Òṣùpá tó bá ti ju ìdajì lọ máa pa nẹ́búlà rẹ́. Lálẹ́ SWAN yẹn, orí gbà á: òṣùpá tuntun bọ́ sí October 21, kò sí òṣùpá kankan lójú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́.

4. Ẹ mọ wákàtí tí ẹ ní. Láti agbègbè Ìbàdàn ní àárín oṣù October, ilẹ̀ kò ṣú dáadáa títí di nǹkan bí aago méje ààbọ̀ kọjá. M16 á ti rọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn nígbà yẹn, yóò ṣì ga tó dígírì 50. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ó ti wọnú kùrukùru ìsàlẹ̀. Wákàtí méjì péré ni iṣẹ́ ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, M16 kì í ga ju dígírì 25 lọ lọ́dọ̀ yín, ẹ wá ibi tí kò sí ilé tàbí igi ní gúúsù.

Àwọn nẹ́búlà tó dára láti ojú ọ̀run tiwa nìyí: M42 nínú Orion, ní ìrọ̀lẹ́ láti December títí dé March, M8 àti M16, láti June títí dé October, nẹ́búlà Carina, ní gúúsù, láti March dé May. Èyí tó wà ní Carina yẹn, àwọn ará London kò lè rí i láéláé, kì í yọ lọ́dọ̀ wọn.

## Ibi tí ẹ máa dúró sí

Ẹ jáde kúrò nínú iná ìlú. Iná Èkó máa ń gbé ojú ọ̀run funfun, kò sí kámẹ́rà tó lè wo ìyẹn sàn. Wákàtí kan sí méjì lórí ọkọ̀ kúrò ní ìlú ńlá á ti yàtọ̀ gan-an. Mo fẹ́ràn apá Ìsẹ́yìn.

Ohun tí àwọn ìtọ́sọ́nà òkèèrè kì í sọ nìyí: tripod, ìyẹn ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, nínú àpò gígùn, lóru, lórí pápá, ẹni tó bá rí i lókèèrè lè rò pé ìbọn ni. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ kí baálẹ̀ tàbí ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà han àwọn fijilanté, ẹ sọ wákàtí tí ẹ máa wà níbẹ̀ fún wọn. Ẹ má dá lọ. Ẹ wọ bàtà tó bo kókósẹ̀ nítorí ejò.

## Lẹ́ǹsì wo?

Kámẹ́rà tó lè yọ lẹ́ǹsì ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ fóònù wà nísàlẹ̀. Lórí kámẹ́rà APS-C (irú èyí tí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ kéré díẹ̀ sí ti full frame), bí ojú ọ̀run tí lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan ń gbà ṣe tó nìyí:

- 50 mm: nǹkan bí dígírì 25 sí 17
- 135 mm: nǹkan bí dígírì 9 sí 6
- 200 mm: nǹkan bí dígírì 6 sí 4

Ẹ na ọwọ́ yín síwájú tààrà: ìka kékeré gba nǹkan bí dígírì kan, ìkúùkù gba mẹ́wàá. Bí ìràwọ̀ onírù bá fi dígírì méjì jìnnà sí nẹ́búlà, 200 mm ti tó, ó sì ṣẹ́ ku àyè fún ìrù. Tèmi ni pé kí ẹ mú 135 mm bí ẹ bá ní in. Ẹni tó bá lo lẹ́ǹsì tó gùn jù sábà máa ń gé ìrù sọnù, ìrù yẹn ló sì máa ń fara hàn lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò tán.

## Kíkọ ẹ̀rọ sí àríwá, níbi tí Polaris kò ti hàn

Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀lé ìràwọ̀, tí wọ́n ń pè ní star tracker, gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ojú ọ̀run ń yí po ní àríwá. Gbogbo ìwé ìlò ló ń sọ pé kí ẹ wo Polaris, ìràwọ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, Polaris kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju nọ́ńbà ìbú (latitude) ibi tí ẹ wà lọ: nǹkan bí dígírì 6.5 ní Èkó, 7.4 ní Ìbàdàn, 8.5 ní Ìlọrin. Igi, òrùlé àti kùrukùru ló máa ń bò ó. Ẹ ṣe báyìí dípò rẹ̀:

1. Ẹ fi ohun tí ń wọn ìtẹ́jú mú kí tripod tẹ́ pẹrẹsẹ.
2. Ẹ fi áàpù tó ń wọn ìdàgẹ̀rẹ̀ lórí fóònù gbé ẹ̀rọ sókè dé dígírì ìlú yín.
3. Ẹ fi kọ́ńpáàsì kọ ọ́ sí àríwá. Ẹ mú kọ́ńpáàsì jìnnà sí irin tripod àti bátìrì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ irọ́ ló máa pa fún yín.
4. Ẹ yan ìràwọ̀ kan tó wà lókè orí, kí ẹ wò ó nínú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bó bá ń yọ́ lọ sí gúúsù, ẹ̀rọ ti kọjú sí ìlà-oòrùn jù. Ẹ yí i díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Bó bá ń yọ́ lọ sí àríwá, ẹ yí i sí òdì kejì. Ẹ máa ṣe é títí yóò fi dúró.

Ẹ má fi ìgbésẹ̀ kẹrin yẹn ṣeré. Bí ẹ bá fi dígírì kan péré ṣìnà, ìràwọ̀ lè sún tó arcsecond 15 láàárín ìṣẹ́jú kan (arcsecond 3,600 ló wà nínú dígírì kan). Lójú lẹ́ǹsì 200 mm, ìyẹn jẹ́ píksẹ́lì mẹ́rin.

Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ náà, ẹ béèrè bóyá ó lè lọ sílẹ̀ dé dígírì 6. Àwọn kan wà tí irin ìwúwo wọn máa ń gbá ẹsẹ̀ tripod bí wọ́n bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí pé ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

## Báwo ni kámẹ́rà ṣe máa lajú pẹ́ tó?

Ibí ni òwú ti ń já fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nǹkan méjì ló ń sá mọ́ yín lọ́wọ́. Ayé ń yí, torí náà ojú ọ̀run ń sún ní nǹkan bí arcsecond 15 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ ló ń yanjú ìyẹn. Ìràwọ̀ onírù fúnra rẹ̀ tún ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ pé ó ń rìn.

Ẹ ṣírò rẹ̀:

1. Ojú ọ̀run tí píksẹ́lì kan gbà. Ẹ fi 206 sọ ìwọ̀n píksẹ́lì ní micron di púpọ̀, kí ẹ fi gígùn lẹ́ǹsì pín in. Kámẹ́rà mi ní píksẹ́lì 3.7 micron. Pẹ̀lú 200 mm, ó jẹ́ arcsecond 3.8.
2. Ìrìn ìràwọ̀ onírù. Stellarium á fi ibi tó wà lónìí àti lọ́la hàn yín. Ká ní ó ń rìn dígírì 3 lóòjọ́. Ìyẹn jẹ́ arcsecond 7.5 láàárín ìṣẹ́jú kan.
3. Ẹ pín in. 3.8 nínú 7.5 jẹ́ nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30, ìràwọ̀ onírù ti kọjá píksẹ́lì kan.

Nítorí náà, ìṣẹ́jú-àáyá 30 dára gan-an, 60 ṣì ṣeé gbà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta á fa orí rẹ̀ gùn. Ẹ wo ìṣirò kan náà fún odidi wákàtí kan: ó ti rìn tó píksẹ́lì 118. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò ẹni tó kó wákàtí kan lé ara wọn, tó sì fi ìràwọ̀ nìkan tò wọ́n, fi máa ń ní ìlà aláwọ̀ ewé gbọọrọ níbi tó yẹ kí orí wà.

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀lé ìràwọ̀: ẹ gbàgbé 200 mm. Ẹ lo 50 mm tàbí èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀, kí kámẹ́rà lajú fún ìṣẹ́jú-àáyá 4, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) 3200, f/ (bí ẹnu lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó) f/2 tàbí f/2.8. Ẹ yà á ní 300. Ogún ìṣẹ́jú ìmọ́lẹ̀ nìyẹn, ó sì tó láti gbé M8 tàbí M42 yọ. Ẹ máa tún kámẹ́rà kọ sí i ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún, torí ojú ọ̀run á ti sún.

## Lórí pápá

1. Ẹ ṣètò nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ẹ fi ọ̀rá pupa bo tọ́ọ̀ṣì kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ba ojú yín tó ti mọ́ òkùnkùn lára jẹ́.
2. Ẹ lo RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kan, kì í ṣe JPEG. Ẹ pa ohun tó ń dènà ìgbọ̀n (image stabilization) tó wà nínú lẹ́ǹsì. Ẹ pa long exposure noise reduction pẹ̀lú: bí ó bá wà ní títàn, lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan kámẹ́rà á tún dijú fún iye àkókò kan náà, ìdajì alẹ́ yín ti lọ nìyẹn.
3. Ẹ ṣètò aago kámẹ́rà kó péye. Kọ̀ǹpútà máa lò ó lẹ́yìn náà láti mọ bí ìràwọ̀ onírù ṣe rìn.
4. Fókọ́ọ̀sì. Ẹ pa autofocus. Ẹ kọjú sí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀, bí Altair, ẹ fi ojú kámẹ́rà sún un mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ yí òrùka lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀. Ìràwọ̀ á kọ́kọ́ dà bí ẹ̀wà, á di hóró ìrẹsì, á wá di ojú abẹ́rẹ́. Ẹ kọjá ojú abẹ́rẹ́ yẹn díẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kí ẹ wá pa dà. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá ti rí i tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lẹ tó lè sọ pé ẹ ti rí àárín. Ẹ fi téèpù lẹ òrùka náà mọ́lẹ̀.
5. Ẹ ya fọ́tò ìdánwò kan. Orí ìràwọ̀ onírù máa ń ní àwọ̀ ewé nínú fọ́tò, nítorí carbon tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń mú tàn. Ẹ to fọ́tò kí ìrù ní àyè níwájú rẹ̀. Ìrù máa ń kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, torí náà ní ìrọ̀lẹ́, apá ìlà-oòrùn àti òkè ló sábà máa ń nà sí.
6. Ẹ wo histogram, àwòrán tó ń fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín nínú fọ́tò. Kí òkè rẹ̀ kúrò lára ògiri òsì, kó wà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta láti òsì. ISO 800 tàbí 1600, f/2.8 tàbí f/4 ni ìbẹ̀rẹ̀ tó dára.
7. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Fọ́tò 60 sí 120. Ẹ lo rìmóòtù tó ń ka fọ́tò.
8. Bó bá jẹ́ M42 ni, ẹ fi fọ́tò mẹ́wàá oníṣẹ́jú-àáyá 5 kún un, torí àárín rẹ̀ máa ń funfun jù.
9. Kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ bo lẹ́ǹsì, kí ẹ ya fọ́tò òkùnkùn 20 pẹ̀lú ISO àti àkókò kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ na aṣọ funfun bo ojú lẹ́ǹsì, ẹ fi ojú láàpútọ́ọ̀pù tàn án, ẹ ya 20 láì fọwọ́ kan fókọ́ọ̀sì.

## Ìrì àti ọyẹ́

Ní October, ilẹ̀ ṣì tutù. Lálẹ́ SWAN, nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì pupa wo ojú lẹ́ǹsì, ìrì ti bò ó bí ìgbà tí èèyàn bá mí sójú dígí. Fọ́tò 22 ló ti bàjẹ́ kí n tó mọ̀, nínú alẹ́ tí mo ní wákàtí méjì péré. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń wé okùn agbóoru tó ń lo USB mọ́ ọrùn lẹ́ǹsì, mo sì ń wo ojú rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi aṣọ nu ìrì. Ẹ fi ooru gbẹ ẹ́. Bí ẹ kò bá ní okùn yẹn, páálí dúdú tí ẹ ká yí ẹnu lẹ́ǹsì, kó gùn tó ìbú ọwọ́ méjì, á dá ìrì dúró díẹ̀.

Láti December dé February, ọyẹ́ ló kù. Eruku rẹ̀ ń pa ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ dígírì 30. Ẹ dúró de alẹ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ mọ́, kí ẹ sì má pààrọ̀ lẹ́ǹsì nínú pápá.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ

Fíltà oníbejì. Fíltà tó ń jẹ́ kí àwọ̀ pupa haidirójìn àti ti ọ́síjìn nìkan wọlé dára fún nẹ́búlà láàárín ìlú. Lójú ìràwọ̀ onírù, ìkà ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn lára eruku ló wà nínú ìrù eruku, àwọ̀ ewé orí sì wá láti ara carbon. Fíltà yẹn á dí èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Mo ti rí fọ́tò tí nẹ́búlà rẹ̀ dára bí iyùn, tí ìràwọ̀ onírù rẹ̀ sì dà bí àbàwọ́n. Ẹ yọ ọ́.

Dídúró de "ìgbà tó máa sún mọ́ nẹ́búlà jù". Ẹ yà á lálẹ́ tó ṣáájú pẹ̀lú. Òjò kì í gba ìwé ìpè.

Ríretí pé nẹ́búlà á pupa fòò. Kámẹ́rà tí wọn kò tíì tún inú rẹ̀ ṣe ní fíltà tó ń dí púpọ̀ nínú pupa haidirójìn. Yóò pupa rẹ́súrẹ́sú. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

## Lójú kọ̀ǹpútà

Siril àti DeepSkyStacker ni ètò tó ń kó fọ́tò lé ara wọn, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ìlò DeepSkyStacker rọrùn: ẹ tọ́ka sí orí ìràwọ̀ onírù nínú fọ́tò àkọ́kọ́, èyí tó gbẹ̀yìn àti èyí tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ fi pamọ́, kí ẹ wá yan "Stars + Comet". Ṣùgbọ́n Siril ni mo ń lò, nítorí mo lè rí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan:

1. Ẹ fi fọ́tò òkùnkùn àti ti aṣọ funfun tún gbogbo fọ́tò ṣe.
2. Ẹ to wọ́n pẹ̀lú ìràwọ̀, kí ẹ kó wọn lé ara wọn pẹ̀lú rejection, èyí tó ń yọ ohun tó bá ṣàjèjì nínú fọ́tò kan kúrò. Nẹ́búlà á mọ́, ìràwọ̀ onírù á fà. Ẹ pè é ní àwòrán A.
3. Ẹ pa dà sí àwọn fọ́tò tí ẹ ti fi ìràwọ̀ tò. Ẹ yan ìtò ti ìràwọ̀ onírù, ẹ tọ́ka sí orí rẹ̀ nínú fọ́tò àkọ́kọ́ àti nínú èyí tó gbẹ̀yìn. Siril á fi aago kámẹ́rà ṣírò ìyókù. Ẹ kó wọn lé ara wọn pẹ̀lú rejection tó le. Orí á mọ́, ìràwọ̀ á parẹ́ tàbí kó ku ìlà fẹ́ẹ́rẹ́. Àwòrán B nìyí.
4. Bí ìlà ìràwọ̀ bá ṣì ṣẹ́ kù nínú B, ẹ fi StarNet, ètò tó ń pa ìràwọ̀ rẹ́, yọ ìràwọ̀ kúrò nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kó wọn jọ.
5. Ẹ yọ ìmọ́lẹ̀ ìlú kúrò lẹ́yìn A àti B lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó so wọ́n pọ̀.
6. Nínú GIMP, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ gbé B lé A pẹ̀lú "Lighten" tàbí "Screen". Ẹ fi orí ìràwọ̀ onírù sí ibi tó wà gan-an nínú fọ́tò tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Nígbà tí ẹ bá fi fọ́tò náà han èèyàn, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ so ìtò méjì pọ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Sísún ìràwọ̀ onírù mọ́ nẹ́búlà kí ó lè lẹ́wà sí i, irọ́ ni. Ẹ má ṣe é.

## Bó bá jẹ́ fóònù nìkan

Fóònù tó ní night mode lè ya ìràwọ̀ onírù tí ojú lásán ń rí, kó sì fi M42 hàn bí ìkùukùu kékeré. Ẹ fi sórí tripod, ẹ lo aago ìṣẹ́jú-àáyá 3 kí ọwọ́ má bàa mì í, ẹ yà á ní ogún kí ẹ sì kó wọn jọ nínú Siril. Fún ìràwọ̀ onírù bí SWAN, tó ṣókùnkùn tó 6, ẹ yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ya ìgbéyàwó ní àdúgbò. Lẹ́ǹsì 85 mm wọn dára gan-an fún iṣẹ́ yìí.

## Bí àwọsánmà bá bò ó

Ẹ má tú ẹrù. Láàárín àlàfo àwọsánmà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún àwòrán B. Ẹ ya ìràwọ̀ onírù nínú àlàfo yẹn, kí ẹ má bìkítà nípa nẹ́búlà. Nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́ lẹ́yìn náà, kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pa dà sí ibì kan náà pẹ̀lú lẹ́ǹsì kan náà, ẹ kọ ọ́ sí ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá ya nẹ́búlà fún odidi wákàtí kan. Ìràwọ̀ onírù á ti kúrò níbẹ̀, torí náà àwòrán A yín kò ní ní ìlà aláwọ̀ ewé kankan nínú. Bí mo ṣe parí ti SWAN nìyẹn: orí àti ìrù láti October 17, nẹ́búlà láti October 22.